Ẹni Tó Pa Oyin Bàámi

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé kò ní fẹ́ kà á. Ó ti di alàgbà nínú ìjọ báyìí, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ẹ́síteètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ó ní ọmọ-ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn ló sì mọ ìtàn bí Màmá Wúrà ṣe pa oyin bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àpárá ló fi máa ń ṣe. Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, ó tún sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì yíjú sí mi pẹ̀lú egungun adìẹ lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ pa wọ́n?" Mo ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, mo sì ti di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàámi ti kú. Màámi ti kú. Ìyá Ṣàgámù, ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti kú tipẹ́tipẹ́. Àwa méjì péré ló kù tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú àwa méjì sì ń purọ́. Mi ò ní pè é ní Bọ̀dá nínú ìwé yìí, àfi níbi tí mo bá ti ń sọ ohun tí mo wí lẹ́nu nígbà náà.

Ilé wa ní Fẹ́sítákì wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí kọnkéré ti parí tí àbàtà sì ti bẹ̀rẹ̀. Tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ Fẹ́sítákì ayé ìgbà náà, títì tó tẹ́jú àti iná tí kì í lọ ni wọ́n máa ń rántí. Ohun tí èmi rántí ni ariwo. Ìgbálẹ̀ Màámi ló máa ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sí ìsọ̀ wọn ní Agbójú níbi tí wọ́n ti ń ta wàrà alágolo àti bisikíìtì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Ṣàgámù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàtà nílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bá adìẹ aládùúgbò jà, wọ́n á bèèrè ẹni tó fi ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọn ò sì ní dúró de ìdáhùn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni oyin ń kùn. Àpótí mẹ́rin ni, Bàámi tò wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé láti ẹ̀yìnkùlé wa. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ìhà àbàtà, á gbé ìkùn wọn wọ yàrá mi. Mi ò tíì gbọ́ ohun mìíràn láyé mi tó dún bí ilé tí ohun gbogbo ti wà létòlétò.

Akọ̀wé ni Bàámi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó máa ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" láti àárọ̀ dalẹ́. Oyin yẹn nìkan ni wọ́n ní tí kì í ṣe ti ọ̀gá kankan. Kúnlé, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, bẹ̀rù rẹ̀. Oyin ta á létí lẹ́ẹ̀kan, etí náà wú bí àkàrà, kò sì dé ìdí igi àgbọn mọ́. Nítorí náà èmi ni mo di ọmọ ọwọ́ Bàámi. Èmi ni mo ń di èèpo àgbọn gbígbẹ sínú agolo tí a fi ń fín oyin, tí mo ń fẹ́ ẹ títí èéfín tútù á fi máa jáde. Mo máa ń wọ ṣòkòtò Bàámi tó ti gbó, mo máa ń fi rọ́bà so ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì máa ń da àwọ̀n ìbùsùn bo orí. Bàámi kì í pariwo nídìí oyin. Ohùn tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn kì í fi í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Tí mo bá ń bẹ̀rù, wọ́n á ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní mọ ìgbà tí oyin máa ta mí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo rí oyin tó ń rákò nínú iyanrìn níwájú àpótí kejì. Ìyẹ́ rẹ̀ kákò bí ewé tí iná rà. Mo rí òmíràn, mo tún rí òmíràn. Mo mú ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́, mo sì rí ohun pupa kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó pẹlẹbẹ, ó ń dán, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó rí gẹ́lẹ́ bí eégbọn lára ajá. Bàámi gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n sì wò ó pẹ́. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n mú ọ̀gbẹ́ni kan wá láti ọ́fíìsì àgírìkì, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń wúkọ́. Ó ṣí àpótí, ó fi abẹ́rẹ́ tú ihò afárá kan, ó yọ ọmọ oyin funfun jáde, eégbọn méjì sì wà lára ọmọ tí kò tíì lójú. Ó ní inú ihò tí oyin ti dé pa ni àwọn eégbọn ti ń bí ara wọn, kí ọmọ oyin sì tó jáde láyé, wọ́n á ti mu ún gbẹ. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ da oògùn ẹ̀fọn sí i, torí oògùn tó pa eégbọn á pa oyin.

Ohun tó kọ́ wa kò le. Ká lọ ṣúgà lórí ọlọ gbígbẹ títí á fi kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ká ṣí àpótí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká fi kòǹkòsọ̀ kékeré jọ ṣúgà náà sórí àwọn oyin. Ẹsẹ̀ eégbọn á yọ̀, oyin á sì máa lá ara wọn, eégbọn á sì máa já bọ́. Lábẹ́ àpótí ká tẹ́ bébà funfun tí a fi fasilíìnì kùn, kí ohun tó bá já bọ́ lè lẹ̀ mọ́ ọn, ká lè kà á, ká mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Ká sì máa gé afárá ibi tí ọmọ akọ oyin wà dànù, torí ibẹ̀ ni eégbọn fẹ́ràn jù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó wí. "Ẹ má fo ọ̀kan. Tí ẹ bá fo ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká kúkú má bẹ̀rẹ̀."

Ṣúgà wọ́n lọ́jà nígbà náà. Màámi mú un wá látinú ìsọ̀ wọn, Ìyá Ṣàgámù sì ṣe ẹnu wùtùwùtù lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì pé òun ò rí ṣúgà fi mu ògì, àwọn kan ń fọ́n ọn sára kòkòrò. Ìró ọlọ yẹn wà létí mi títí dòní, ó ń dún kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, bí eku tó ń jẹ páálí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ka eégbọn mọ́kànléláàádọ́rin lórí bébà àpótí kejì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́kàndínlógún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Bàámi máa ń gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà ìgbéga. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Wúrà, ìwọ lo máa jogún àwọn oyin yìí." Mo mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti gbogbo ọ̀nà láti ìgbà náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù mi. Màámi fún mi láṣọ, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí n má bá ọkùnrin ṣeré mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó di ọ̀sán, mo wọ ṣòkòtò Bàámi, mo sì gbé agolo èéfín. Ìyá Ṣàgámù jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń já ẹ̀fọ́.

"Wúrà, níbo lò ń lọ?"

"Ìdí oyin ni, mà."

"Pẹ̀lú ohun tó ń ṣe ọ́ yẹn?" Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Gbé agolo sílẹ̀. Obìnrin tó bá ti ń rí nǹkan rẹ̀ kì í dé ìdí oyin. Wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á ṣí lọ, tàbí kí wọ́n kú."

"Ọ̀gbẹ́ni àgírìkì ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọ̀gbẹ́ni àgírìkì. Ṣé òun náà ń rí nǹkan oṣù ni?"

"Tó bá ti dá ńkọ́, mà?"

"Tó bá dá, kò ní padà wá? Ó di ìgbà tí o bá gbó bíi tèmi kí o tó dé ibẹ̀."

Mo sá tọ Bàámi lọ nínú pálọ̀. Wọ́n ń di ẹrù, torí ìjọba ń rán wọn lọ sí Ìlọrin fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò ó fún wọn. Ìwé ni Bàámi fi ń gbé ayé wọn. Wọ́n mọ̀ pé oyin kì í bèèrè irú ọjọ́ tí ọmọbìnrin wà nínú oṣù. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣàgámù ló ta aṣọ tó fi rán wọn lọ sílé ìwé, ìyá náà kò sì jẹ́ kó ṣú kó mọ́ kó má rán wọn létí. Wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n tún un ká. "Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi," wọ́n wí. "Mi ò lè bá wọn jiyàn nítorí oyin. Kúnlé á ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, jẹ́ kó ṣe é." Mo ní Bọ̀dá Kúnlé ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ọkùnrin ni, á borí ẹ̀rù. Mo fún Kúnlé ní ìwé mi àti agolo ṣúgà tí mo ti lọ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi fasilíìnì kun bébà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Dókítà Oyin. Ṣé o fẹ́ kí n tún máa kí wọn káàárọ̀ ni?"

Mo gbà á gbọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ṣòkòtò náà, ó gbé agolo, ó rìn gba ẹ̀yìn igi àgbọn, ó sì padà dé kí ìrẹsì tó hó. Ó kọ mẹ́rìnlá sínú ìwé. Sátidé kejì, ó kọ mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà dáadáa ni. Ẹni tó ń purọ́ kì í kọ nọ́ńbà burúkú. Ṣùgbọ́n mo ń wo iyanrìn láti ojú fèrèsé, mo sì ń rí i tó ń dúdú fún òkú oyin níwájú àpótí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ yàrá Kúnlé láti kó aṣọ rẹ̀ fún fífọ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó sílẹ̀, abọ́ gàrí wà láàárín wọn, wọ́n fi omi tútù àti ẹ̀pà sí i. Agolo ṣúgà oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kù díẹ̀ kó tán. Ṣúgà lílọ̀ ti yọ́ sínú gàrí náà tó fi funfun bíi wàrà.

"Bọ̀dá, ṣúgà oyin nìyẹn."

"Oyin ní ṣúgà tiwọn," ó wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀pà há a lọ́rùn. "Wọ́n ń ṣe é nínú ilé wọn. Ó ṣe jẹ́ àwa tí kò ní la máa fún wọn?"

Mo sọ fún Màámi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń tún bisikíìtì tó fọ́ dì, wọ́n ní kí n rọra, kí n má fi ẹnu mi da ilé rú, pé tí Bàámi bá dé wọ́n á tún un ṣe. Màámi gbà gbọ́ pé ohun gbogbo ló lè dúró de Bàámi. Èmi kò lè dúró. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Ṣàgámù ń sun oorun ọ̀sán, mo lọ. Mi ò fọwọ́ kan àpótí kankan. Mo kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn àpótí kejì, mo fa bébà ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, bébà náà sì gbẹ. Kò sí fasilíìnì lórí rẹ̀ rárá. Kúnlé ò kun ún rí. Ìdọ̀tí ìda díẹ̀ àti eruku ló wà lórí rẹ̀, èèrà sì ń rìn lórí rẹ̀. Nínú àpótí, ohùn wọn ti fúyẹ́, bí ìgbà tí ọjà bá fẹ́ tú. Mo ká bébà náà, mo fi í sábẹ́ aṣọ mi. Bí mo ṣe yíjú, Kúnlé dúró lẹ́bàá igi àgbọn, ó ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sílé.

Kí Bàámi tó dé, àpótí kejì ti dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èkìíní, lẹ́yìn ìyẹn ni méjì yòókù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá rí ilé oyin tó kú rí, kó má bẹ Ọlọ́run pé òun fẹ́ rí i. Òórùn rẹ̀ kan bí ìgbà tí omi ẹja bá pẹ́ lóòrùn. Kòkòrò ti ta okùn sí gbogbo afárá, oyin tó kù sì kó jọ sí igun kan, wọn ò pé ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n kú síbẹ̀ pẹ̀lú orí nínú ihò. Bàámi ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ ìrìn-àjò wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí Màámi fi ránṣẹ́ pé oúnjẹ ti tutù.

Nínú pálọ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ mi. Ìyá Ṣàgámù jókòó sórí àga ńlá, Màámi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi. Kúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a ò tíì bi í ní nǹkan kan. Ó ní òun ń ṣe é dáadáa, pé nọ́ńbà ń wálẹ̀, ó fi ìwé mi hàn, ó ní àfìgbà tí òun rí Wúrà nídìí àpótí pẹ̀lú ojú ara òun. Ìyá Ṣàgámù mi orí. "Mo sọ ọ́," wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí mi. "O wà nínú nǹkan oṣù rẹ lọ́jọ́ yẹn àbí o ò sí?" Mo wà nínú rẹ̀, ó ti tún padà dé kí oṣù tó pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọ yàrá lọ mú bébà náà wá, mo tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ Bàámi. Mo ní, "Bàámi, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó bóyá fasilíìnì kàn án rí." Mo sọ ti gàrí. Ìyá Ṣàgámù ní irọ́ ni, pé ọmọ tó lè ṣẹ èèwọ̀, irọ́ ò lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bàámi fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wo àtàǹpàkò náà, ó sì gbẹ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo Kúnlé, ẹni tó ń wo ilẹ̀. Mo rí àsìkò náà tí wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé n kò rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ká bébà yẹn sí mẹ́rin, wọ́n fi í sápò ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì sọ fún mi ní ohùn tí wọ́n máa ń lò níbi iṣẹ́, "Wúrà, kúnlẹ̀, kí o bẹ ẹ̀gbọ́n mi." Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ọmọ ni mí, pé èèwọ̀ ti ràn, kò ṣeé gbé padà. Òwe wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀ yẹn.

Mo di olùkọ́ bàọ́lọ́jì. Mo fi ọdún tó pọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ohun kékeré ṣe ń mu ohun ńlá gbẹ, mo sì rí i kà nínú ìwé pé gbogbo ohun tí ọkùnrin tó ń wúkọ́ yẹn sọ ló rí bẹ́ẹ̀, pé tí ènìyàn bá dá ìtọ́jú dúró lágbede méjì, àwọn eégbọn á padà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìmọ̀ á tù mí nínú. Kò tù mí nínú. Nígbà tí Bàámi darúgbó, tí wọn ò lè dá rìn mọ́, èmi ni mo wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo fún wọn lóúnjẹ. Mo fún wọn ní gbogbo àyè láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ, àti ti owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún Kúnlé.

Ìyókù rẹ̀ nìyí, èyí tí Kúnlé kò mọ̀, tí mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, agbo oyin mìíràn wá láti ìhà àbàtà, wọ́n sì wọ àpótí méjì nínú àwọn tó ṣófo. Inú Bàámi dùn. Wọ́n kéde rẹ̀ nílé pé ti Kúnlé ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìyá Ṣàgámù bá Màámi lọ sí Agbójú, tí Kúnlé sì lọ gbá bọ́ọ̀lù, Bàámi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Agolo èéfín ti ń rú lọ́wọ́ wọn. Ṣòkòtò tó gbó wà ní èjìká wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Wúrà, wá bá mi wò wọ́n. Kò sẹ́ni nílé."

"Ṣé mo lè máa dé ibẹ̀ báyìí, sà?"

"Mo ní kò sẹ́ni nílé. Àwa méjì la máa mọ̀. Kúnlé ò lójú fún un, ìwọ lo lójú fún un. Tí o bá ti wò ó, wàá sọ fún mi, èmi á sọ fún un."

Mo dúró, mo retí kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un. Ẹyọ kan náà ì bá tó. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà mo bá wọn lọ. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé afárá kan sókè síwájú oòrùn, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, pé ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo wò ó. Eégbọn mẹ́ta wà lára oyin mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo rí, wọ́n pupa, wọ́n ń dán.

"Ńkọ́?" Bàámi bi mí.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Ara wọn le."

Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní mo ṣeun. Kí òjò tó dé, àpótí méjèèjì ti dákẹ́, Bàámi ò sì sin oyin mọ́ títí wọ́n fi kú.